Akínyẹlé Ṣá Àgò Ẹyẹ Mi Lulẹ̀

Ẹ fi àdá yìí sílẹ̀! Mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀, Alága, ẹ má fà á mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ óò gé ara yín níka lásán, ẹ óò tún ní èmi ni mo gé yín! Ẹ jókòó. Orí àga yẹn, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹbẹ̀ lẹ wá bẹ̀, ẹ ò wá bá mi jìjàkadì lórí fàráńdà mi. Àdá Akínyẹlé ni, bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ pé kì í ṣe tirẹ̀. Òun ló gbé e wọ ọgbà mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló fi ṣá àgò ẹyẹ mi lulẹ̀, nígbà tí mo sì gbé ọmọ odó jáde tí mò ń bọ̀ lórí rẹ̀, òun náà ló ju àdá nù tó fo fẹ́ǹsì padà sí ulé rẹ̀ bí ewúrẹ́. Ó wá rán ẹ̀yin alága àwọn onílé sí mi pé kí n dá a padà? Màá dá a padà! Ọlọ́run ń gbọ́ mi o, àárín orí rẹ̀ ni màá dá a padà sí!

Ẹ̀ẹ̀? Kí n rọra sọ̀rọ̀? Kí Bàbá Ìfẹ́ má baà gbọ́? Ẹ jẹ́ kó gbọ́! Ẹ dìde ẹ wọ yàrá lọ, ẹ bá mi wò ó bóyá ó ń gbọ́, nítorí èmi ò mọ̀ mọ́. Ògiri ló kọjú sí láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kò wo èmi, kò wo oúnjẹ, kò wo fèrèsé. Òní ọjọ́ Ẹtì nìyí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko!

Ẹ sì ní "nítorí àgò ẹyẹ lásán." Mo gbọ́ yín, ẹ má mi orí, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń wọlé. Lásán! Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Adó yìí, ẹ rí mi rí kí n gbé ọmọ odó lé èèyàn? Ẹ rí mi rí kí n di àdá mú bí ẹni tó ń lọ sógun? Irin àti wáyà ni ẹ rò pé mo tìtorí rẹ̀ fẹ́ pa ọkùnrin? Ẹnu ọkọ mi ló ṣá lulẹ̀ yẹn! Ahọ́n ọkọ mi ló gé jù sílẹ̀ yẹn! Ẹ lọ wò ó lábẹ́ fèrèsé, bó ṣe fọ́ yángá tí ìrẹsì dà káàkiri, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀ títí gbogbo àdúgbò yóò fi wá wo iṣẹ́ ọwọ́ Akínyẹlé!

Ẹ mọ Bàbá Ìfẹ́. Ta ló tún mọ̀ ọ́n ju ẹ̀yin lọ? Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń jiyàn ní ìpàdé onílé títí àwọn yòókù á fi lọ sùn, tí wọ́n á fi yín sílẹ̀. Tísà Ọlálérè! Tó bá pariwo mọ́ ọmọ ilé ìwé, ẹni tó wà ní Fájuyì á tún ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbà wá dá a mọ́lẹ̀ lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ohùn náà bá a lọ. Mo gbà fún apá. Mo gbà fún ẹsẹ̀. Ẹ wò mí, Alága, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń gbé e, mo ń yí i padà lórí ibùsùn, ìyẹn ò dùn mí. Ohùn yẹn ló dùn mí!

Gbogbo ayé ló ń pè mí ní Ìyá Ìfẹ́. Ará ìjọ, ará ọjà, ẹ̀yin gan-an. Òun nìkan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí ní Monínú. Láti ìgbà tó ti ń gun kẹ̀kẹ́ wá sí ulé bàbá mi l'Òkè-Ìlá ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. "Monínú! Monínú o! Monínú, ṣé o ò gbọ́ ni?" Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń pè é. Èmi á wà nínú kíṣìnnì, mo gbọ́ ọ ketekete, màá wulẹ̀ dákẹ́, màá máa rẹ́rìn-ín, àfi tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta kí n tó dáhùn. Ó máa ń bí i nínú! Ó ní mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́, mo rò pé títí ayé ni yóò máa pè mí. Oṣù mẹ́jọ rèé n kò gbọ́ orúkọ mi nínú ulé mi.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ní kí n ṣáà máa wá ohun tí yóò mú un lo ẹnu. Kí ni n kò ṣe? Mo ka Bíbélì sí i létí. Mo kọrin, èmi tí ohùn mi kò dáa yìí. Mo bú u! Bẹ́ẹ̀ ni, mo bú ọkọ mi lórí àìsàn, mo bú u tìyá tìyá, bóyá inú á bí i kó dá mi lóhùn. Omi ló ń dà lójú rẹ̀. Èmi náà jókòó tì í, mo sunkún tèmi.

Ìrẹsì ló là á, Alága. Ìrẹsì Igbemo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi àpò kan ránṣẹ́ láti oko, mo wá gbé atẹ sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, mò ń fẹ́ ẹ. Àfi bí àwọn ẹ̀gà ṣe ya dé! Wọ́n bo ilẹ̀, wọ́n ń ṣa ìrẹsì jẹ, ariwo wọn gba gbogbo ọgbà. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, "Háàyà!" Mo ní kí nìyẹn? Atẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. "Háàyà! Háàyà!" Bàbá Ìfẹ́ ni! Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ojú rẹ̀ le, ó ń lé ẹyẹ! Igbemo ni wọ́n kúkú bí i sí. Oko ìrẹsì bàbá rẹ̀ ló fi gbogbo èwe rẹ̀ ṣọ́, láti ìdájí títí oòrùn á fi wọ̀, òun àti òkò àti ariwo. Ẹ̀gbà kó gbogbo ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, kò rí ti ẹyẹ kó.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹyẹ nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ìyàwó ọmọ olóko ìrẹsì, tó ń gbé ìrẹsì kalẹ̀ fún ẹ̀gà! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbọ́ ọ ní Igbemo, ó pè mí lórí fóònù, ó ní ṣé orí mi dàrú ni, àwọn ń fi òkò lé ọ̀tá níbẹ̀, èmi ń bu oúnjẹ fún un l'Adó. Mo ní kó máa fi òkò tirẹ̀ lé e, kó jẹ́ kí n rí ọkọ mi gbọ́. Mo so abọ́ mọ́ ẹ̀ka igi, mo bu ìrẹsì sí i láràárọ̀, ẹyẹ ń bọ̀, ọkọ mi ń pariwo. Ayé mi tòrò.

Àfi ìgbà tí ọ̀kẹ́rẹ́ dé.

Ẹran òṣì! Ẹran àìlójútì! Méjì ló kọ́kọ́ wá, ó di mẹ́rin, wọ́n á jókòó sínú abọ́ yẹn, wọ́n á fi ọwọ́ méjèèjì máa kó ìrẹsì sẹ́nu, kò sí ẹyẹ tó jẹ́ bà níbẹ̀ mọ́. Bàbá Ìfẹ́ á sì kàn máa wò wọ́n. Kò mọ ariwo tí wọ́n ń pa lé ọ̀kẹ́rẹ́, ẹyẹ ni wọ́n kọ́ ọ láti lé, ó bá tún dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní lágbára Ọlọ́run, ọ̀kẹ́rẹ́ kan kò ní í pa ẹnu ọkọ mi dé! Mo ju òkò. Mo ju bàtà. Mo gun àga pẹ̀lú ọmọ odó, mo fẹ́ fọ́ eegun ẹ̀yìn ọ̀kan báyìí, ó fo gba orí mi kọjá, gíláàsì fèrèsé ara mi ni mo fọ́, èmi àti àga jọ ṣubú, orúnkún mi ṣì ń dùn mí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí. Mo fi gírísì ra ìdí igi, wọ́n gba orí òrùlé Akínyẹlé wá. Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n máa wò wọ́n?

Ìfẹ́olúwa ọmọ mi ló fi àwòrán ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Ó ní, "Mọ́mì, àwọn ará ibí náà ń bá ọ̀kẹ́rẹ́ jà, ẹ wo ohun tí wọ́n ń lò." Àgò gbọọrọ tí wọ́n ń bu oúnjẹ ẹyẹ sínú rẹ̀, irin ni, ojú wáyà rẹ̀ ṣe rẹ́gí, ẹ̀gà lè rá wọlé, ọ̀kẹ́rẹ́ kò lè wọ̀ ọ́. Mo gbé fóònù lọ bá wẹ́dà kan l'Òkè-Ìlá. Ẹ̀ẹ̀mejì ló jó o tí n kò gbà á, mo ní ojú yìí fẹ̀ jù, mo ní ìdí yìí kò le. Ìgbà kẹta ló tó ṣe é bó ṣe yẹ. Ọmọ mi tún ní kí n fi ata sí i, pé ata kì í ta ẹyẹ, ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló ń ta. Mo gún ata gbígbẹ, mo pò ó mọ́ epo, mo fi kun irin náà yí po. Mo wá mú àjákù kọ́tìnnì, mo fi wé ibi tí irin ti so mọ́ ẹ̀ka, kó má baà ha igi. Kọ́tìnnì pupa! Òun ni mo rí nínú àpótí! Ẹ gbọ́ ọ o, Alága, kọ́tìnnì pálọ̀ mi ni!

Ọ̀kẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ fọwọ́ kan irin yẹn, ó fi ọwọ́ nu ojú, háà! Ẹ̀ bá rí ijó! Ẹ̀ bá rí bó ṣe ń fi ojú gbolẹ̀! Inú mi dùn, n kò purọ́, mo pàtẹ́wọ́. Ẹyẹ padà dé. Ọkọ mi padà sídìí "Háàyà" rẹ̀. Kò sì dúró síbẹ̀ o! Lọ́sẹ̀ kejì ó ní "ẹyẹ." Ó sọ ọ́ gedegbe. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ní "omi," mo sáré gbé omi wá, ó mu ún, nọ́ọ̀sì ń fò sókè. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí, Alága, ọjọ́ Ajé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Mo gbé ẹ̀kọ wọ yàrá fún un. Ó wò mí, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Mo." Mo dúró. Ó ní, "Mo, Mo." Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìyókù kò jáde. Mo fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀, mo ní kò burú, Bàbá Ìfẹ́, ó tó, ọ̀la ni.

Ọ̀la! Ta ló dé lọ́la? Akínyẹlé ló dé lọ́la!

Ẹ̀ka igi máńgòrò yẹn kan na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n. Gbogbo wa mọ̀ pé ó ń fi ọ̀pá já máńgòrò mi, àgbàlagbà tó ti ní àna, mo sì dákẹ́, nítorí mo ní máńgòrò kì í ṣe nǹkan. Òjò ọjọ́ Àìkú fọ ata tó wà lára àgò, ó kán sórí máńgòrò tó wà nísàlẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, Akínyẹlé jí i já, kò fọ̀ ọ́, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́ bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ wú! Mo gbọ́ pé ó wú bí àkàrà! Ó gbójú sókè, ó rí irin tó rọ̀, ó rí aṣọ pupa, ó ní ẹ̀ẹ̀n-ẹ́n, Ìyá Ìfẹ́ ti pa ààlè fún òun!

Èmi! Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìyá! Èmi ni mo so ààlè mọ́gi! Ta ni wọ́n tiẹ̀ ń pa ààlè fún, Alága? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin alága, ẹ má wo ilẹ̀! Ṣé kì í ṣe fún ẹni tó ń jalè? Ẹnikẹ́ni wá bá a? Ẹnikẹ́ni fẹ̀sùn kàn án? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ètè wíwú jẹ́wọ́! Ó sì wá ń lọ láti ulé dé ulé, ó ń fi ẹnu han àwọn èèyàn, pé kí wọ́n wá wo ohun tí ìyàwó tísà fi òun ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́rú, obìnrin kan tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ níwèé dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó dìde! Mo rí i! Ó gbé bàágì rẹ̀ lọ síwájú.

Ìyẹn náà kọ́ ló ń pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń pa mí, kí ẹ tó tún bẹ̀ mí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mò ń gún uyán lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ "Háàyà!" Mo ní ẹyẹ ti dé. Mo gbọ́ "Háàyà! Háàyà! Háàyà!" Ó ga, kò ga tó bẹ́ẹ̀ rí. Alága, mò ń rẹ́rìn-ín! Mò ń gún uyán, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní ohùn ọkọ mi ti ń padà! Akínyẹlé ló ń lé! Akínyẹlé ló dúró síwájú fèrèsé rẹ̀ pẹ̀lú àdá, tó ń ṣá àgò, gbà, gbà, gbà, ọkọ mi sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó na ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un, ó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ní láyé bẹ̀ ẹ́ kó lọ! Ṣé ó lọ? Ó wò ó lójú, ó ń ṣá! Nígbà tí mo gbọ́ ìró irin ni mo tó sáré. Ìgbà tí mo lé e tán tí mo padà wọlé, ọkọ mi ti kọjú sógiri.

Kí n dárí jì í? Ẹ tún sọ ọ́! Ẹ tún un sọ kí n fọ́ àga yẹn mọ́lẹ̀! Ó ní ẹ̀rù ló ba òun? Kó dúró, kò tíì rí ẹ̀rù! Ó ní òun á ra àgò mìíràn? Ṣé wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu ọkọ mi lọ́jọ́ Ajé yẹn ní ọjà ni? Ọwọ́ tó fi gbé àdá, màá gé e! Màá gé e lọ́rùn ọwọ́, màá so ó mọ́ igi máńgòrò, màá fi kọ́tìnnì pupa wé e, kó wá di ààlè lóòótọ́, kó rí ààlè! Agbárí rẹ̀ ni màá fi ọmọ odó là bí ẹni ń la àgbọn! Kí ètè yẹn má fà mọ́, kó máa wú lọ, kó wú títí kò ní í lè pe orúkọ ìyàwó rẹ̀, kó dùbúlẹ̀ kó máa wo ẹnu, kó mọ bó ṣe ń rí! Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣépè! Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná! Ẹ lọ sọ fún un. Ẹ ní Monínúọlá ní tó bá di ọ̀la tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kó dọ̀bálẹ̀ níwájú fèrèsé yẹn, kó fẹnu ara rẹ̀ bẹ ọkọ mi, èmi náà á gba orí fẹ́ǹsì, pẹ̀lú àdá rẹ̀, n kò sì ní í...

Ẹ dákẹ́.

Ẹ má sọ nǹkan kan, Alága. Ẹ gbọ́ nǹkan? Láti yàrá. Rárá, kì í ṣe rédíò, a ò tan rédíò.

Yéè! Ẹ gbọ́ ọ? "Ọ̀kẹ́rẹ́" ló wí! Ẹ yọjú wo abẹ́ fèrèsé, ẹ rọra yọjú. Wọ́n wà níbẹ̀? Mélòó? Lórí ìrẹsì tó dà sílẹ̀? Àwọn ẹran òṣì yẹn, àárín àgò tó fọ́ ni wọ́n jókòó sí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé wọn! Ẹ má mira!

Jésù mi. Ó pè é. "Monínú! Ọ̀kẹ́rẹ́!" Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ, ẹ ó jẹ́rìí sí i, ó pe Monínú, ó pè é tán, kò kù síbì kan! Ó ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ sùn mí! Háà, háà, háà! Ẹ gba àdá, ẹ gbà á, ẹ gbé e fún ẹni tó ni ín. Ẹ ní kó ṣì wá dọ̀bálẹ̀ lọ́la o, n kò tíì yọ ìyẹn kúrò. Ẹ sì ní tó bá tún jí máńgòrò, kó fọ̀ ọ́.

"Monínú o!" Ẹ gbọ́ ọ? Ìkejì nìyẹn. Kí n dá a lóhùn kẹ̀? Rárá o, Alága, ẹ jókòó, ẹ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó ku ẹyọ kan.